Ọ̀bẹ mẹ́rin tí mo rà nírìn àjò orí omi, àti bó ṣe jẹ́ méjì péré ló délé

Ọ̀bẹ mẹ́rin ni mo rà. Méjì ló dé Òṣogbo láìlábùkù, ọ̀kan fọ́ sọ́nà, ọ̀kan sì wà lọ́hùn-ún níbi tí mo ti fi í sílẹ̀ ní ẹ́pọ́ọ̀tù Houston, ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí, torí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ti ń mú òbí lọ sórí ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ gan-an báyìí, èyí tí wọ́n ń pè ní kúrúùsì, tẹ́ ẹ bá sì ti dé ọjà etíkun àwọn erékùṣù yẹn, ọ̀bẹ wà lára ohun tójú máa kọ́kọ́ wọ̀ sí.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí. Òkè-Baálẹ̀ níbí ni ìsọ̀ bàbá mi wà, ibẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Ìró owú lára irin la fi ń jí nílé wa. Sípírín mọ́tò àlòkù ni wọ́n fi ń rọ àdá àti ọ̀bẹ, wọ́n á fẹ́ ẹwìrì sí i títí irin á fi pọ́n roro, wọ́n á lù ú, wọ́n á tún dá a padà síná, tó bá wá ṣe tán wọ́n á rì í bọ omi, á dún ṣàà, èéfín á gbalẹ̀ kan. Èmi ò jogún owú, iṣẹ́ oúnjẹ ni mo yà sí, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń dáná òde, ìgbéyàwó ni o, ìsìnkú ni o, ìkómọ ni o. Ẹni tó bá fún mi láṣọ, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fún mi lọ́bẹ tó mú, mi ò ní gbàgbé ẹ̀ láyé.

Lọ́dún 2023, ọmọ mi obìnrin tó wà ní Houston sọ pé, "Màámi, ẹ ti ṣe làálàá tó, ẹ wá sinmi." Òun àti ọkọ ẹ̀ ló san gbogbo owó ẹ̀. Galveston la ti wọkọ̀, kò ju nǹkan bíi máìlì 50 sí Houston, a lo odindi ọjọ́ kejì lójú òkun láìrí ilẹ̀, lọ́jọ́ kẹta a gúnlẹ̀ sí Cozumel, erékùṣù Mẹ́síkò ni. (Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí kí n má gbàgbé: físà tèmi nígbà yẹn, èyí tó ṣeé fi wọ Amẹ́ríkà léraléra ni. Ní oṣù keje 2025, wọ́n sọ èyí tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ lọ ṣàbẹ̀wò di èyí tó ṣeé fi wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oṣù mẹ́ta ló sì ní nígbà yẹn. Ọkọ̀ yìí máa gbé yín jáde kúrò ní Amẹ́ríkà ni o, ẹ gbọ́dọ̀ tún padà wọlé, torí náà ẹ béèrè bọ́rọ̀ físà ṣe rí báyìí lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ kí ọmọ yín tó sanwó.)

Ọjà tó wà nítòsí èbúté yẹn, ọ̀bẹ lóríṣiríṣi. Mo ra gígùn kan tó wà nínú àkọ̀ awọ, wọ́n ya ẹyẹ sára àkọ̀ náà. Mo ra ọ̀kan tí màá máa fi gé ẹran. Mo ra kékeré kan tó ń ká wọnú èèkù ara ẹ̀, èèkù náà jẹ́ igi pupa, ẹ̀gbọ́n mi ni mo rà á fún torí ó máa ń fi irú ẹ̀ há ṣòkòtò. Ẹ̀kẹrin ló gbà mí lọ́kàn jù, òkúta ni, dúdú kirikiri, ó ń dán bíi gíláàsì. Òkúta yẹn, inú òkè tó ń tu iná ló ti ń wá, ó máa ń yọ́ ni tó bá sì yára tutù á di gíláàsì, òun sì làwọn ará Mẹ́síkò ìgbà láéláé fi ń ṣe ọ̀bẹ kí àwọn Sípéènì tó kó irin dé. Ọmọ alágbẹ̀dẹ bíi tèmi, ẹ sọ pé kí n rí irú ẹ̀ kí n kọjá lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ di mú ṣinṣin nìyí: ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe èèkù kẹ́ ẹ tó béèrè iye. Ọkùnrin kan gbé ọ̀bẹ kan wá fún wa tí èèkù ẹ̀ rẹwà, ó ní àmì tó-tò-tó aláwọ̀ ìyeyè àti búráùn, mo ti na ọwọ́ sí i kí ọmọ mi tó sọ pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án." Ó ní igbá ẹ̀yìn ìjàpá òkun ni. Àdéhùn kan wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, CITES ni wọ́n ń pè é, Nàìjíríà náà wà nínú ẹ̀, kò gba kéèyàn máa gbé igbá ẹ̀yìn ìjàpá òkun tàbí eyín erin kọjá ẹnubodè bó ṣe wù ú. Ẹni tó ń tà á ò ní sọ fún yín, owó ẹ̀ ló ń wá, ẹ̀yin ni kọ́sítọ́ọ̀mù máa dá dúró. Bákan náà ni ọ̀bẹ tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì tí ẹnu ẹ̀ á fò jáde, láti 1958 ni òfin Amẹ́ríkà ti lòdì sí kíkó o wọlé. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Nígbà tá a padà sẹ́nu ọkọ̀, ẹ̀rọ wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń wo inú àpò gbogbo èèyàn, àfi bíi ti ẹ́pọ́ọ̀tù. Sìkọ́ríìtì pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àyà mi já, mo rò pé wọ́n ti gbà á lọ nìyẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ irú ọkọ̀ yìí, ọ̀bẹ tí ẹnu ẹ̀ bá ti gùn ju íǹṣì 4 lọ, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 10, kò gbọdọ̀ wọ yàrá èèyàn, wọ́n máa bá yín tọ́jú ẹ̀ títí di ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n kó mẹ́ta, wọ́n kọ nọ́ńbà yàrá wa sí i, wọ́n fún wa ní ìwé kékeré kan. Ẹ tọ́jú ìwé yẹn bí ẹní ń tọ́jú páásípọ́ọ̀tù, ẹ tún fi fóònù yà á.

Ọ̀bẹ kékeré ni wọ́n dá padà fún mi. Ẹnu ẹ̀ ò tó íǹṣì mẹ́ta. Mo jù ú sínú àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì ọwọ́ mi, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Nǹkan míì tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún wa ni ti àpótí. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tá a máa sọ̀, wọ́n ní ká kó àpótí ńlá síta ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n á bá wa kó o sọ̀ lóru. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó wá dá ọ̀bẹ padà, àpótí ti lọ! Ọ̀bẹ mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi nínú ọ̀rá láàárín èrò, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Ìgbà tá a dé ìsàlẹ̀ tá a rí àpótí wa ni mo ṣí i, mo tì wọ́n sísàlẹ̀ aṣọ kíákíá. Tó bá jẹ́ ẹ́pọ́ọ̀tù lẹ ti fẹ́ gba lọ tààrà látorí ọkọ̀, ibẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ ti palẹ̀ mọ́, ẹ má sọ pé ó di iwájú.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni mo ń bọ̀ nílé. Mo di ọ̀bẹ mẹ́ta dáadáa. Mo gé páálí bàtà, mo ká a mọ́ ẹnu ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀mejì, ṣóńṣó ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bò torí òun ló ń gún nǹkan jáde, mo fi téèpù wé e le, mo fi tówẹ̀lì yí i, mo wá tì í sáàárín ìró, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ àpótí. Ẹ má fi èyí ṣeré o. Wọ́n máa ń ṣí àpótí wò lẹ́yìn yín, ọmọ ọlọ́mọ ló máa kọwọ́ bọ̀ ọ́.

Mo ṣe gbogbo èyí fún mẹ́ta, mi ò rántí ẹ̀kẹrin. Tàbí kí n sọ òótọ́, ó sọ sí mi lọ́kàn lọ́nà, mo ní kékeré ni. Ẹnì kan tó máa ń gba Yúróòpù kọjá ti sọ fún mi pé ọ̀bẹ tí ẹnu ẹ̀ ò bá ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ ò sí nínú ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ nínú bàálù lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni lọ́dọ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà yàtọ̀, wọn ò gba irú ọ̀bẹ kékeré bẹ́ẹ̀ nínú báàgì ọwọ́. Àwọn jàǹdùkú tó já bàálù gbà lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án 2001, ọ̀bẹ kéékèèké wà lára ohun tí wọ́n lò. Ní 2013, wọ́n fẹ́ dẹ òfin yẹn díẹ̀ fún ọ̀bẹ kékeré, ariwo pọ̀, wọ́n fagi lé e nínú oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi gbà á fún mi, mo wá rò pé bàálù náà á gbà á. Òfin omi lọ́tọ̀, òfin òfurufú lọ́tọ̀.

Obìnrin tó dá mi dúró ò bú mi. Ó ní mo lè padà síta kí n fi í sínú àpótí tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù, tàbí kí n fún ẹni tó sìn mí wá, tàbí kí n fi í ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́. Àpótí mi ti wọlé lọ. Ọmọ mi ti wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Èrò ẹ̀yìn mi gùn, àkókò ò sì sí. Wọ́n tiẹ̀ lè bu owó ìtanràn léèyàn lórí nǹkan bẹ́ẹ̀, wọn ò bu tèmi. Mo gbé e sílẹ̀, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, ẹ da gbogbo báàgì ọwọ́ yín délẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo àpò ẹ̀gbẹ́ pátá, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ kàn fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ní Èkó, kọ́sítọ́ọ̀mù béèrè ohun tó wà nínú àpótí, mo fi rìsíìtì ọjà hàn wọ́n, wọ́n ní kí n máa lọ. Ó ṣe pàtàkì kẹ́ ẹ ní rìsíìtì lọ́wọ́.

Mo délé, mo tú ẹrù. Ọ̀bẹ òkúta ti dá sí mẹ́ta. Bí mo ṣe di irin ni mo ṣe di í, bẹ́ẹ̀ gíláàsì ni, ìjù-sílẹ̀ kan ṣoṣo tó láti fọ́ ọ. Inú nǹkan rírọ̀ nìkan ló yẹ kó wà, nínú ike líle, kí nǹkan kan má fara kàn án. Mo ṣì kó àfọ́kù ẹ̀ pa mọ́ sínú agolo mílíìkì.

Ọ̀bẹ ìgé-ẹran ṣe dáadáa fún oṣù méjì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú kíákíá, èmi ni mò ń pọ́n ọn ní gbogbo ìgbà. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ìrántí ọjà arìnrìn-àjò, ẹwà ni wọ́n fi tà á, ẹ má retí kó gé egungun màlúù.

Gígùn yẹn ni mo mú lọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá wa kì í fi ọ̀bẹ lé èèyàn lọ́wọ́, ó máa gbé e sílẹ̀ kó o fọwọ́ ara ẹ mú un, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe, mo gbé e sórí àpótí ìjókòó ẹ̀. Ó fà á yọ lákọ̀, ó fi èékánná ta á, ó tẹ́tí sí i. Ó ní, "Irin yìí rọ̀, àbúrò. Wọn ò rì í bó ṣe yẹ." Síbẹ̀ ó fa òkúta sún mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn. Mo wá sọ ti kékeré fún un, pé òun gan-an ni tiẹ̀, èèkù igi pupa, bó ṣe ń ká wọnú ara ẹ̀. Ó gbọ́ tán, ó ní, "Ó mà ṣe o," ó sì ń pọ́n tọwọ́ ẹ̀ lọ.