Owó Wa Tó Wà Ní Báńkì: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Ní Kípírọ́sì Lọ́dún 2013

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó pamọ́ sí báńkì, nílé àti lẹ́yìn odi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí. Mo wà ní Kípírọ́sì (Cyprus), erékùṣù kékeré kan tó ń ná owó yúrò, lóṣù Kẹta ọdún 2013, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi owó mẹ̀kúnnù san gbèsè àwọn báńkì ńlá. Ilé oúnjẹ kan ní Limassol ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Owó tí mo ń rí níbẹ̀ ni mo fi ń san owó ilé ìwé àwọn àbúrò mi n'Íbàdàn.

Lóru ọjọ́ Jímọ̀ mọ́jú Sátidé, 16 oṣù Kẹta, àwọn mínísítà ètò ìnáwó àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná yúrò parí ìpàdé wọn ní Brussels. Wọ́n ní àwọn máa yá Kípírọ́sì ní bílíọ̀nù 10 yúrò, ṣùgbọ́n kí Kípírọ́sì fúnra rẹ̀ wá bílíọ̀nù 5.8 sí i. Inú àkáǹtì àwọn èèyàn ni wọ́n ní kí wọ́n ti bù ú. Ẹni tí owó rẹ̀ ò tó 100,000 yúrò, wọ́n á yọ 6.75 nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún yúrò rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, 9.9. Opó tó ní 2,000 yúrò péré á pàdánù 135. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti há iye tí wọ́n fẹ́ yọ mọ́ inú àkáǹtì kálukú.

Ohun tó dùn mí jù ni pé lópin oṣù Kejì, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Nicos Anastasiades, ó sọ gbangba pé òun ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni dárúkọ gígé owó tó wà ní báńkì. Kò tó ogúnjọ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ní àwọn máa gé e.

Kí ló fà á? Àwọn báńkì Kípírọ́sì ti tóbi kọjá agbára ìlú tó gbé wọn dání. Wọ́n kó owó rẹpẹtẹ lé ìwé ẹ̀yáwó (bond) ìjọba Gíríìsì, ìyẹn ni pé wọ́n yá ìjọba náà lówó, nítorí èlé tó wà níbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì gé gbèsè Gíríìsì lọ́dún 2012, ohun tó bá wọn lọ lé ní bílíọ̀nù 4 yúrò. Èmi ò sí níbi tí wọ́n ti dá ìmọ̀ràn yẹn. Bàbá àgbàlagbà tó ń kó ewébẹ̀ wá fún wa ní ilé ìdáná kò sí níbẹ̀. Bí alájọ bá fi owó àjọ ta tẹ́tẹ́, tí tẹ́tẹ́ sì jẹ ẹ́, ta ló máa ní kí àwọn tó ń dá àjọ tún dáwó san gbèsè rẹ̀?

Òfin ilẹ̀ Yúróòpù sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí báńkì bá wó, owó ẹnì kọ̀ọ̀kan títí dé 100,000 yúrò kò gbọ́dọ̀ sọnù. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yẹ̀ ẹ́ ni pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí owó orí. Báńkì ò tíì wó, nítorí náà òfin yẹn ò dé ibẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé owó mi wà lábẹ́ ààbò, mo máa ń béèrè pé: ààbò lọ́wọ́ kí ni?

Sátidé yẹn, ìlà gùn níwájú gbogbo ẹ̀rọ ATM tí mo kọjá, owó sì tán nínú wọn. Mọ́ńdé jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ tí ààwẹ̀ àwọn Kìrìsìtẹ́nì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ń fi ọjọ́ lé ọjọ́. 28 oṣù Kẹta ni báńkì tó ṣílẹ̀kùn. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn ilé epo ò fẹ́ gba káàdì mọ́, owó kásì nìkan ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú àkáǹtì ń yá ogún yúrò lọ́wọ́ aládùúgbò. Àwa tí a ń fowó ránṣẹ́ sílé, ìyà tiwa tún yàtọ̀, torí ọ̀nà tí owó ń gbà jáde ti dí pátápátá. Nígbà tí wọ́n tilẹ̀ ṣí báńkì, 300 yúrò lójúmọ́ ni ẹnì kan lè gbà, ó sì di oṣù Kẹrin ọdún 2015 kí wọ́n tó mú gbogbo ìdènà kúrò.

Àwọn aráàlú ló gba mẹ̀kúnnù sílẹ̀. Wọ́n kún iwájú ilé aṣòfin ní Nicosia, wọ́n kọ "Rárá" sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ní 19 oṣù Kẹta, aṣòfin 36 kọ àbá náà, 19 ò dìbò síbì kankan, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó fọwọ́ sí i. A jọ wo ó lórí tẹlifíṣọ̀n nílé ìdáná, omi ń bọ́ lójú àwọn kan.

Ní 25 oṣù Kẹta wọ́n ṣe àdéhùn mìíràn. Wọ́n pa báńkì Laiki dé, wọn ò fọwọ́ kan owó tí kò ju 100,000 lọ. Àwọn tó ní ìpín nínú báńkì àti àwọn tó yá báńkì lówó ló kọ́kọ́ ru ẹrù náà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn olówó ńlá. Ní Bank of Cyprus, wọ́n sọ 47.5 nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ohun tó lé ní 100,000 di ìpín ìdókòwò. Ìyẹn náà gbóná, torí owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú ohun tó bá a lọ. Síbẹ̀, bó ṣe yẹ kí wọ́n to ẹrù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: kí ẹni tó ń jẹ èrè báńkì kọ́kọ́ jẹ gbèsè rẹ̀.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí nìyí. Mi ò kó gbogbo owó mi sí báńkì kan ṣoṣo. Mo máa ń ní owó kásì nílé tó lè bọ́ ilé mi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí olè àti iná náà wà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà, ẹ mọ ohun tí NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi pamọ́ sí báńkì, ń san. Láti ọdún 2024, ₦5 mílíọ̀nù ni òkè iye tí wọ́n ń san fún ẹnì kan bí báńkì ńlá bá kú, ₦2 mílíọ̀nù bó bá jẹ́ máíkíró-fáínáǹsì. Gbogbo àkáǹtì tí ẹ ní ní báńkì kan náà ni wọ́n máa ń rò pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ṣí ọ̀kan n'Ídúmọ̀tà, ẹ ṣí èkejì ní Mókólá. Nígbà tí CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank lóṣù Kẹfà ọdún yẹn, NDIC fi BVN wá àkáǹtì táwọn èèyàn ní ní báńkì mìíràn, wọ́n sì san owó wọn síbẹ̀. Àwọn tí kò ní òmíràn ní láti lọ kọ ìwé béèrè owó wọn. Ẹni tí owó rẹ̀ sì ju ₦5 mílíọ̀nù lọ ní láti dúró di ìgbà tí wọ́n bá ta dúkìá báńkì náà.

Èyí tó kù ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń tà nínú báńkì ni ìfowópamọ́. Ní Kípírọ́sì, àwọn kan ra ìwé ẹ̀yáwó báńkì nítorí èlé rẹ̀ ga, wọ́n rò pé bí àkáǹtì lásán ló ṣe rí, ṣùgbọ́n wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pàdánù. Bí òṣìṣẹ́ báńkì bá gbé ohun kan tí èlé rẹ̀ ga wá bá yín, ẹ ní kó kọ ọ́ sórí ìwé fún yín bóyá NDIC dúró fún un tàbí kò dúró. Bí kò bá kọ ọ́, ẹ má fọwọ́ sí i.