Kí Ọmọ Yín Tó Kọ̀wé sí Yunifásítì Kankan, Ẹ Ṣírò Owó Ná

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń tọ́mọ ní Amẹ́ríkà níbí, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní kíláàsì kọkànlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná lọ́kàn mi. Àkọ́bí mi ti jáde high school ní Texas báyìí, ohun tí ojú wa sì rí láàárín March sí April, mi ò fẹ́ kí ojú ọmọ ẹnikẹ́ni rí i.

Ọmọ yìí mọ̀wé. Kì í ṣe torí pé èmi ni mo bí i ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Láti kíláàsì kẹsàn-án ló ti wà lára àwọn tó ń ṣáájú, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ìjọ wa ní kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Sátidé. A sanwó fún agbaninímọ̀ràn kan tí àwọn èèyàn júwe fún wa, òun ló to orúkọ àwọn ilé-ìwé tí ọmọ máa kọ̀wé sí. Nígbà tí mo rí i, mo ní, "Sà, ṣé àwọn ibi yìí ò le jù báyìí?" Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ wo èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ìyẹn ò lè ṣàì gbà á." Yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ mìíràn ni èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Ó máa ń gba ju ìdajì àwọn tó bá kọ̀wé lọ. Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé kí ló dé tí a ò bèèrè, a bèèrè o. Èsì tí wọ́n fún wa nìyẹn.

Àwọn tó kù lókè, irú Harvard àti Stanford ló pọ̀ jù nínú wọn. Nínú 100 ọmọ tó bá kọ̀wé sí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, wọn kì í gbà tó 5. Àwọn tí wọ́n ń dá padà náà mọ̀wé, àwọn náà gba A. Pé ọmọ kọ̀wé sí mẹ́wàá nínú wọn ò sọ ọ̀kankan di èyí tó dájú.

Àwọn ilé-ìwé mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Ivy League, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń gbé èsì jáde. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ alẹ́. Ọmọ jókòó nídìí tábìlì ìjẹun, àbúrò rẹ̀ gbé fóònù sókè kó lè ya fídíò ayọ̀. Ó ṣí àkọ́kọ́. Ó ṣí èkejì. Nígbà tó ṣí ẹ̀kẹta, àbúrò rẹ̀ rọra gbé fóònù sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó gbé e sílẹ̀. Lẹ́tà yẹn kì í gùn, ẹ ò ní kà á dé ìlà kẹta kí ẹ tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọmọ mi ń ṣí i, ó ń pa á dé, kò sọ̀rọ̀. Ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pe Dádì." Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Èjìká náà ń gbọ̀n.

Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn gbà á lóòótọ́. A jó, a yọ̀, mo pe ìyá mi ní Nàìjíríà ní òru. Lẹ́tà owó wá dé. Iye tí ọdún kan máa ná ọmọ tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá lé ní $60,000. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ "awards" sí. Àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ jẹ́ $5,500, owó tí ìjọba máa yá ọmọ. Èkejì ni Parent PLUS, owó tí ìjọba máa ń yá òbí, òun ló gba gbogbo ìyókù. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kọ iye tó kù fún wa láti san sí, wọ́n kọ $0.

Mo ka òdo yẹn, mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọkọ mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á lọ, ó kà á bọ̀, ó ní, "Gbèsè ni gbogbo èyí o. Orúkọ tèmi tìrẹ ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sí." Ọdún mẹ́rin, ó ju $200,000 lọ. Ọmọ wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń gbọ́ wa. Ó wọlé wá, ó kúnlẹ̀, ó ní ká má bínú sí òun. Òun tí wọ́n ṣẹ̀, òun ló tún ń bẹ̀ wá. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ìkúnlẹ̀ yẹn ò tíì kúrò lójú mi.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní 2022, GAO, iléeṣẹ́ tó ń bá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣàyẹ̀wò ìnáwó ìjọba, sọ pé nínú 100 ilé-ìwé, bíi 91 ni kì í kọ iye tí ìdílé máa san gan-an sínú lẹ́tà owó, tàbí tí wọ́n ń kọ ọ́ kéré sí bó ṣe jẹ́. Òfin tuntun ti fi ààlà sí Parent PLUS láti July 2026, kò ní lè ju $20,000 lọ́dún àti $65,000 lápapọ̀ lórí ọmọ kan. Ìyẹn túmọ̀ sí pé òbí tó bá gbọ́kàn lé e láti fi dí àlàfo máa rí i pé kò dí i mọ́.

Ọlọ́run ò fi wá sílẹ̀. Olùkọ́ kan níléèwé rẹ̀ ti ní kó kọ̀wé sí yunifásítì kan nínú Texas níbí, èyí tí agbaninímọ̀ràn wa ní kò yẹ ẹ́. Wọ́n gbà á, wọ́n fún un ní sikọ́láṣíìpù, ó wọlé ní August, inú rẹ̀ sì dùn níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ jù ni pé ilé-ìwé tí apá yín ò ká kì í ṣe ilé-ìwé ìfọ̀kànbalẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ń pè ní safety school, bó gba gbogbo ayé wọlé. Láti October 2011 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti mú un ní dandan pé kí gbogbo ilé-ìwé tó ń gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́ gbé Net Price Calculator sórí ìkànnì wọn. Ẹ mú ìwé owó-orí yín àti ìwé owó oṣù yín dání, ẹ fi iye inú wọn sí i, á fi iye tó ṣeé ṣe kí ẹ san hàn yín. Bí ẹ bá ní òwò tara yín, tàbí tí bàbá àti ìyá ò gbé pọ̀, iye yẹn lè yàtọ̀ sí ohun tó máa dé, ẹ pe ọ́fíìsì owó wọn. Orúkọ ilé-ìwé kankan ò gbọdọ̀ wọ inú àkọsílẹ̀ ọmọ yín láìjẹ́ pé ẹ ti ṣe ìṣirò yìí. Mi ò rẹ́ni ṣe é fún wa, ìgbà tí omijé ti dá ni mo tó gbọ́ ọ.

Ẹ má sì fi iye tí wọ́n kọ síta gbangba dájọ́. Ilé-ìwé tí ẹnu ń yà yín sí owó rẹ̀ lè wá rọrùn jù. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, Harvard kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún ò ju $200,000 lọ. Àwọn yunifásítì UT System, ìyẹn University of Texas àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀, níbí náà ti mú owó ẹ̀kọ́ kúrò fún ọmọ Texas tí owó ilé wọn ò ju $100,000 lọ, tó bá ti kún FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bèèrè owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Àwọn Ivy League kì í fún ọmọ lówó torí pé ó mọ̀wé, ohun tí ìdílé nílò ni wọ́n ń wò. Àwọn mìíràn sì wà, bíi University of Alabama, tí wọ́n kọ ọ́ síta pé máàkì báyìí, sikọ́láṣíìpù báyìí. Òbí tí kò bá ṣírò kò lè mọ èyí tó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Àwọn kan sọ fún mi pé mo fẹ́ràn owó ju ọjọ́ iwájú ọmọ lọ. Gbèsè $200,000 náà wà nínú ọjọ́ iwájú ọmọ.

Ohun tí ọmọ fẹ́ kọ́ tún ṣe pàtàkì. Ní University of Illinois ní Urbana-Champaign, wọ́n ń gba ju 30 lọ nínú 100 lápapọ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Computer Science, wọn kì í gbà tó 10. Níbí náà, òfin ní kí UT Austin gba ọmọ Texas tó wà lára 5 tó ṣáájú nínú gbogbo 100 ọmọ kíláàsì rẹ̀, fún àwọn tó ń wọlé láti 2026. Yunifásítì ni òfin yẹn fún un, kò fún un ní ẹ̀ka tó wù ú.

Early Decision, ìyẹn kí ọmọ tètè kọ̀wé sí ilé-ìwé kan ṣoṣo pẹ̀lú àdéhùn, ńkọ́? Bí wọ́n bá gba ọmọ, ó ti so mọ́ wọn nìyẹn, ẹ ò ní ráàyè gbé lẹ́tà owó ilé-ìwé kan síwájú èkejì. Ìdílé tó ń wá owó, kí wọ́n rò ó dáadáa, Early Action, tí ọmọ náà ń tètè kọ̀wé, kì í so èèyàn mọ́lẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ náà. Ẹ wá méjì tó dájú pé wọ́n máa gbà á, tó dájú pé ẹ lè san owó wọn, tí ọmọ fúnra rẹ̀ sì lè fi ìdùnnú lọ. Tí ọmọ bá ní òun ò lè lọ síbẹ̀ láéláé, ẹ wá òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá àwọn tí máàkì rẹ̀ bá tiwọn mu. Ẹ wo Common Data Set ilé-ìwé náà, ìwé tí wọ́n kọ iye àti ìròyìn nípa ara wọn sí, apá C ń sọ irú ọmọ tí wọ́n ń gbà, apá H ń sọ bí wọ́n ṣe ń pín owó. Àwọn ibi àlá, ẹ fi wọ́n kẹ́yìn. Mi ò ní kí ọmọ má kọ̀wé sí Harvard o.

August 1 ni Common App, fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n fi ń kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ń ṣí, 20 ilé-ìwé ni kò sì lè kọjá lórí rẹ̀. October 1 ni FAFSA yẹ kó ṣí. Ẹ ṣe ìṣirò owó yẹn nígbà ìsinmi, kí August tó dé, kí ẹ̀yin àti ọmọ jọ jókòó síbẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí iye náà.