Owó Ohùn Tí Kò Ju Ìṣẹ́jú Àáyá Méjì Lọ

Owó ohùn, ìyẹn owó tí à ń gbà láti ka ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, ló wà lọ́kàn mi lónìí, pàápàá owó àwọn gbólóhùn kéékèèké tí gbogbo ìlú ń gbọ́: "Ẹ káàbọ̀," "Fún Yorùbá, ẹ tẹ méjì," "Owó tó wà lórí fóònù yín kò tó." Bí irú iṣẹ́ yìí bá délẹ̀, ohun tí oníbàárà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ọ̀rọ̀ mélòó ni, kó lè fi iye ọ̀rọ̀ dá owó. Ibẹ̀ ni ìrẹ́jẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kíka ọ̀rọ̀ kọ́ là ń tà, lílo ohùn ni.

Ní 1989, Elwood Edwards ka gbólóhùn mẹ́rin sórí kásẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fún ilé iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́, tó padà di AOL, ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. "You've got mail" wà lára wọn. Dọ́là 200 ni wọ́n fún un. Àìmọye ènìyàn ló fi ohùn yẹn mọ̀ pé lẹ́tà ti dé, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dọ́là 200 lè tó fún ìrọ̀lẹ́ kan nídìí kásẹ́ẹ̀tì. Ti ìlò ni kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Owó méjì ló yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pò wọ́n pọ̀. Èkíní ni owó ìjókòó: àkókò, sítúdíò, àti fífọ ohùn mọ́. Èkejì ni owó ìlò: ibo ni yóò ti dún, títí di ìgbà wo. Lábẹ́ àdéhùn ìpolówó ọjà tí SAG-AFTRA, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, ń lò ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ 13 ni wọ́n fi ń ṣírò ìlò, oṣù 21 sì ni òpin kí wọ́n tó tún jókòó dúnàádúrà. Ohùn inú fóònù kì í sábà ní ọjọ́ ìparí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá kọ ọ́ síwèé pé ọdún kan ni, wọn yóò lò ó títí ayé.

Ní ti Yorùbá, nọ́ńbà ló máa ń gbówó lọ́wọ́ ẹni jù. Oníbàárà á kọ "òdo dé mẹ́sàn-án," á rò pé ẹ̀rọ yóò máa so wọ́n pọ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Kò ṣeé ṣe. Orí ogójì ni 44 dúró lé, mẹ́rìnlélógójì. Láti 45, ara àádọ́ta la ti ń yọ ọ́, márùndínláàádọ́ta. Kò sí ibi tí ẹ lè gé kí ẹ fi lẹ òmíràn. Láti 1 dé 100, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀. Ohùn sì máa ń rọlẹ̀ níparí gbólóhùn, nítorí náà ẹ óò ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ti àárín àti ti ìparí. Bí ẹ bá fi ti ìparí sáàárín, ẹni tó ń gbọ́ á rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Fáìlì 200 rèé, a ò tíì dé ẹgbẹ̀rún. Fáìlì ni kí ẹ fi dá owó.

Ẹ gbà á sílẹ̀ ní WAV (fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀), 48 kHz, bit 24 (ìwọ̀n ìdára ohùn), kódà bí fóònù bá máa sọ ọ́ di 8 kHz. Fóònù máa ń gé òkè ohùn kúrò, "s" á sì fẹ́ dàbí "f". Ẹ pè é kó ṣe kedere, ẹ má kàn pariwo. Àtúnkà ńkọ́? Ìwé tí kò ní àmì ohùn ló ń fà á jù. Bí ẹ bá ṣi í kà, ọ̀fẹ́ ni. Bí oníbàárà bá yí ọ̀rọ̀ padà, owó tuntun ni, ìdajì owó ìjókòó ó kéré tán.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ AI tún wá ń kó mi lọ́kàn sókè. Ní July 2005, Susan Bennett fi wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ ka gbólóhùn fún ilé iṣẹ́ kan. Ní 2011 ló tó mọ̀ pé ohùn òun ló wà nínú Siri, ohùn tó ń dá èèyàn lóhùn nínú iPhone. Wákàtí tó fi kà á ni wọ́n sanwó fún. Ní 2021, Bev Standing ará Kánádà pe TikTok lẹ́jọ́ pé wọ́n ń lo ohùn òun tí òun kà fún iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n yanjú rẹ̀ lọ́dún kan náà. Ẹ jẹ́ kí ìlà kan dá dúró nínú àdéhùn pé wọn ò gbọdọ̀ fi ohùn yìí kọ́ ẹ̀rọ, wọn ò sì gbọdọ̀ fi dá ohùn mìíràn, àfi pẹ̀lú ìwé mìíràn àti owó mìíràn. Ìlà yẹn ni èmi kò ní gbà kí wọ́n yọ láé, bó ti wù kí owó iṣẹ́ pọ̀ tó.

Kí owó tó wọlé, MP3 (fáìlì tí a fún pọ̀) tí ìró kékeré kan ń dún lábẹ́ rẹ̀ tó oníbàárà í gbọ́. WAV gidi di ẹ̀yìn owó.