Mo fa ata mẹ́fà tu lónìí

Ata rodo mẹ́fà ni mo fà tu lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ yìí. Ó dùn mí gan-an, méjì nínú wọn ti ń tanná.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ewé wọn ti ń ká jọ, tó rí tótòtó, àwọ̀ ewé díẹ̀, rúsúrúsú díẹ̀. Ìyá Kúnlé ní ilẹ̀ ni kò lóúnjẹ mọ́, kí n da ìgbẹ́ adìẹ sí i. Mo dà á. Ọ̀mùnú tó tún yọ ká ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àfìgbà tí mo yí ewé kan padà. Kòkòrò tí òyìnbó ń pè ní aphid ni o! Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó orí píìnì, àwọ̀ wọn ò sì yàtọ̀ sí ti ewé. Èèrà ń lọ ń bọ̀ láàárín wọn bí darandaran, nítorí ìgbẹ́ wọn dùn bí oyin.

Ẹnu bí abẹ́rẹ́ ni wọ́n ní. Wọ́n á gún ewé kan tọ́ ọ wò, tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ó di orí èyí tó kàn. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré lórí ata tó ń ṣàìsàn ti tó kí fáírọ́ọ̀sì tó ń fa àìsàn náà lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, kò sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó fi ran ata tí ara rẹ̀ dá. Abájọ tí oògùn tí mo fọ́n ní Sunday fi já sófo: kòkòrò náà kú lóòótọ́, àmọ́ ó ti jíṣẹ́ kó tó kú. Fáírọ́ọ̀sì náà jọ èyí tí wọ́n ń pè ní Pepper veinal mottle virus, tí wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ lórí ata ní Gánà láti 1971. Ata tó bá ti kó o, kò sí oògùn tó ń wò ó.

Eṣinṣin funfun ara ilá mi ní sùúrù ní tiwọn. Wọ́n á jókòó mu oje ewé pẹ́, fáírọ́ọ̀sì tiwọn á gba ìfun wọn dé ibi itọ́, ó di wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó lè kó o ran ilá mìíràn. Àmọ́ tó bá ti wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á máa gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Mo kọ́kọ́ fi náílọ̀n bo ata kọ̀ọ̀kan kí n tó fà á tu, kí àwọn oníyẹ̀ẹ́ inú wọn má baà fò lọ. Ìyá Kúnlé yọjú lórí fẹ́ǹsì: "Ata tó ti tanná lo ń fà tu yìí?"

Mo ní, "Ẹ yí ewé tiyín náà padà wò, mà."

Ó wọlé lọ wò ó. Kò tíì jáde di ìsinsìnyí.