Oòrùn ní ilé ọtí, Nẹ́ptúùnù ní ìta ìlú: àpèjọ geocaching ní Kàbbà

Àpèjọ náà dára gan-an. Ilé ọtí tí wọ́n lọ ṣe é sí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré yìí: ẹnì kan á fi ike pamọ́ síbì kan, á gbé nọ́ńbà ibùdó rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíì á fi GPS, ẹ̀rọ tó ń ti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì mọ ibi tí èèyàn wà, wá a kàn, á kọ orúkọ sínú ìwé pélébé tó wà nínú rẹ̀, á sì dá a padà síbi tó ti bá a. Ike yẹn là ń pè ní káàṣì. Dave Ulmer ló gbé àkọ́kọ́ sínú igbó nítòsí Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní May 3, 2000, kété lẹ́yìn tí ìjọba Amẹ́ríkà jáwọ́ nínú bíba GPS aráàlú jẹ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, GPS lè fi ọgọ́rùn-ún mítà ṣi ibi tí èèyàn wà. Àpèjọ pàápàá, káàṣì ni wọ́n kà á sí, bó bá ti lò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí wọ́n sì ti kéde ibi àti àkókò rẹ̀ ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́jọ alẹ́ ni ti Kàbbà yìí, òfurufú àti plánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì gbé e kà.

Láti Lọ́kọ́jà, ọ̀nà Obajana ni kí ẹ gbà. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe kìlómítà 43 tó wà láàárín Obajana àti Kàbbà. Tírélà sìmẹ́ńtì ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ má fi alẹ́ rìn ín. Ẹ sì dúnàádúrà owó ẹrù kí wọ́n tó ti búùtù, torí lẹ́yìn ìyẹn kò sí ọ̀rọ̀ mọ́.

Plánẹ́ẹ̀tì ló mú kí ìrìn náà tó owó rẹ̀. Wọ́n mú ohun kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, wọ́n ní òun ni Oòrùn, wọ́n gbé e sí iwájú ilé ọtí, wọ́n wá dín gbogbo ìyókù kù ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n sì gbé ike kan tí ìbéèrè wà nínú rẹ̀ sí ibi tí plánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Fífẹ̀ Oòrùn gan-an tó kìlómítà mílíọ̀nù 1.39, nítorí náà mítà kan nílẹ̀ dúró fún nǹkan bíi kìlómítà mílíọ̀nù 4.6 lókè. Mẹ́kúrì bọ́ sí mítà 12 àbọ̀, Àgùàlà 23, Ayé 32, Máàsì 49. Júpítà lọ sí 168, Sátọ̀n 309, Yúrénọ́sì 619, Nẹ́ptúùnù sì jẹ́ 970, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kìlómítà kan. Wóró ọkà bàbà kékeré kan ni Ayé wa. Agbálùmọ̀ kékeré ni Júpítà. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn ín dé Nẹ́ptúùnù kò ní béèrè mọ́ pé ṣé òfurufú fẹ̀ lóòótọ́.

Igbá ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe Oòrùn. Wọ́n kùn ún ní òdòdó, wọ́n gbé e sí ẹ̀bá oríta. Kò sí ọmọ Okun, Yorùbá àgbègbè Kàbbà, tó máa rí igbá tó dá jókòó ní oríta tó máa bẹ̀rẹ̀ láti ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Bàbá kan tó ń kọjá lọ sọ ọ́ gbangba pé, "Okun o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹbọ yín kúrò lójú ọ̀nà." Ọ̀rọ̀ bàbá tọ̀nà. Wọ́n fi ìdérí báfù rọ́bà rọ́pò rẹ̀, àwọn èèyàn sì súnmọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ike tó mọ́ gaara ni kí ẹ lò, kí gbogbo ojú lè rí inú rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí i lára pé eré ni. Kí baálẹ̀ àdúgbò àti àwọn fijilanté sì ti gbọ́ kí ẹ tó gbé ohunkóhun sí ìdí igi.

Àárín Mẹ́kúrì sí Máàsì ni wàhálà wà. Fóònù tó wà ní gbangba lè fi nǹkan bíi mítà 5 ṣi ibi tó wà, lábẹ́ igi tàbí páànù ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣìṣe ẹni tó gbé ike pamọ́ á wá para pọ̀ mọ́ àṣìṣe ẹni tó ń wá a. Mítà 11 péré ló wà láàárín Mẹ́kúrì àti Àgùàlà, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń jà sí ike Àgùàlà pé Mẹ́kúrì làwọn rí. Fún àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́, nọ́ńbà Oòrùn nìkan ni kó wà nínú ìwé. Kí wọ́n fa okùn tí wọ́n ti ta kókó sí 12 àbọ̀, 23, 32 àti 49 láti ibẹ̀, kí wọ́n sì sọ ìhà tí wọ́n fà á sí. GPS tó fún àwọn mẹ́rin tó kù. Ẹni tó ń gba nọ́ńbà sílẹ̀, kó gbé fóònù kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó padà wá ní wákàtí mìíràn tí àwọn sátẹ́láìtì ti yí ipò padà, kó wá mú àárín gbùngbùn àwọn nọ́ńbà náà.

Ẹ tún ṣọ́ bí fóònù ṣe ń kọ nọ́ńbà. N 7° 49.500′ kì í ṣe 7.495, 7.825 ni. Ẹni tó bá tẹ 7.495 ti fi nǹkan bíi kìlómítà 36 sọ ara rẹ̀ nù sí gúúsù.

Ó wá kan ilé ọtí. Abẹ́ páànù ni wọ́n tẹ́ àga sí. Àwọn sátẹ́láìtì GPS wà ní kìlómítà 20,200 lókè, ohùn wọn ti rẹ̀ kó tó dé ilẹ̀. Páànù ń dí i, ògiri ń ta á padà, fóònù á sì rò pé ọ̀nà jìn ju bó ṣe rí lọ. Wọ́n bẹ àwọn onílé ọtí kí wọ́n gbé àga sí ìta, wọ́n kọ̀. Orin ń dún débi pé a kò gbọ́ ìbéèrè. Mọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tà ní ₦900 fún àwọn ará ilé di ₦1,500 lórí tábìlì wa. "Ọ̀gá, owó àga wà nínú ẹ̀." Àga rọ́bà tó ti ya! Ẹ béèrè iye kí wọ́n tó ṣí ìgò. Iyán ìyá tó wà ní òdìkejì títì ló tù wá nínú, ó gbóná, kò ní kókó, ó sì pọ̀ fún owó rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú, gbogbo wa bọ́ sí ìta, inú mi sì dùn títí àpèjọ fi parí. Wọ́n ti wo àkókò tí International Space Station, ilé ìwádìí tó ń yí ayé po ní òfurufú, máa kọjá, ó sì kọjá lóòótọ́: ìmọ́lẹ̀ funfun kan tí kì í ṣẹ́jú, ní nǹkan bíi 400 kìlómítà lókè, tí oòrùn ṣì ń tàn sí nígbà tí ilẹ̀ wa ti ṣú. Inú rẹ̀ ni Richard Garriott, arìnrìn-àjò òfurufú kan, fi káàṣì kan sí ní October 2008. Ìbéèrè tó wà nínú ike Máàsì náà dùn: ọkọ̀ Perseverance tó gúnlẹ̀ sí Máàsì ní February 18, 2021 gbé kóòdù eré wa dání lára ohun èlò rẹ̀ kan. Ti Ayé béèrè ìlú Nàìjíríà tí John Glenn, arìnrìn-àjò òfurufú ará Amẹ́ríkà, bá sọ̀rọ̀ láti òkè ní February 20, 1962. Kánò ni.

Ẹ má kọ àwọn ike plánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bíi káàṣì tí ẹ rí. Àpèjọ nìkan ló kà. Àwọn kan fẹ́ kí Júpítà sí Nẹ́ptúùnù dúró síbẹ̀ títí láé. Ó ṣeé ṣe bí onílẹ̀ bá gbà, àmọ́ òfin ní káàṣì méjì gbọ́dọ̀ fi mítà 161 jìnnà síra, Júpítà àti Sátọ̀n sì wà ní 141 bí wọ́n bá tò lórí ìlà kan. Kí wọ́n gbé Sátọ̀n sí ìhà mìíràn láti ọ̀dọ̀ Oòrùn, kí mítà 309 rẹ̀ má yẹ̀.