Àríyá kọ́ ni mo pè é

Kí oyún ọmọ mi kejì tó pé oṣù méje ni mo ti mọ orúkọ tí n óò sọ ọ́ bí ó bá jẹ́ obìnrin. Arya ni. Ẹni tí ó bá wo Game of Thrones lórí tẹlifíṣọ̀n láàárín ọdún 2011 sí 2019 yóò mọ ẹni tí mo ń wí: ọmọ ìjòyè tí kò fẹ́ràn iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin, tí ó gba idà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí ó sì wá sọ idà náà gan-an ní Abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì rò pé ọmọ tí ó bá jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ ẹni tí wọn yóò máa fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọkọ mi kò lòdì sí i. Ohun kan ṣoṣo tí ó bi mí ni pé ta ni yóò sọ fún Màmá.

Ọ̀dọ̀ wa níbí ní Ẹ̀pẹ́ ni ìyá ọkọ mi ń gbé. Ní ọjọ́ tí mo kó ara mi jọ láti sọ fún un, orí àpótí lẹ́yìn ilé ni ó jókòó sí, ó ń họ ìpẹ́ ara ẹja ẹ̀pìyà tí ó rà bọ̀ láti ọjà Olúwo, ìpẹ́ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo ní, “Màmá, a ti ń ronú orúkọ o. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, Arya ni a fẹ́ máa pè é.”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Àríyá?”

Mo ní rárá, Arya.

Ó ní, “Ohun tí èmi náà wí nìyẹn, ìyàwó mi. Àríyá. Bí o bá dúró sí ẹnu ọ̀nà tí o pe ọmọ rẹ, ṣé kí gbogbo àdúgbò máa gbé àwo bọ̀ ni?” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá béèrè pé bí ó bá jẹ́ ọkùnrin ńkọ́, ṣé Káyókáyọ̀ ni a ó sọ ọ́. Ẹni tí kì í ṣe ará ìlú yìí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti mú tó: Káyókáyọ̀ ni ọdún tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ máa ń ṣe lẹ́yìn Iléyá, tí wọ́n fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe wá tẹ̀dó síbí.

Inú bí mi díẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ náà mo jókòó, mo ń pe orúkọ náà jẹ́jẹ́, mo sì rí i pé òótọ́ ni Màmá sọ. Ẹnu Yorùbá kì í pe ọ̀rọ̀ lásán. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ ẹnu wa, ohùn gbọ́dọ̀ bá a, bí ohùn bá sì ti bá a, ìtumọ̀ náà kò jìnnà mọ́. Bí mo ti wù kí n tún un ṣe tó, àwọn olùkọ́, àwọn ọmọ iléèwé àti ìyá ẹlẹ́ja ni yóò máa pe ọmọ náà lójoojúmọ́, èmi kọ́.

Ọkọ mi dábàá Khaleesi dípò rẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù, mo ní kí ó pè é fún mi kí n gbọ́. “Kálísì? Ṣé kálísíọ̀mù tí wọ́n máa ń fún wa ní ibi ìwòsàn aboyún ni?” Bí orúkọ yẹn náà ṣe lọ nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, Khaleesi kì í ṣe orúkọ rárá nínú ìtàn náà, oyè ni. Bí wọ́n ṣe ń pe aya olórí àwọn ẹlẹ́ṣin kan ni, Daenerys ni orúkọ obìnrin náà gan-an. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n sọ ní Khaleesi ní ọdún 2018 nìkan ju 500 lọ. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún ọdún 2019, kí eré náà tó parí, Daenerys gun dírágónì rẹ̀, ó sì jó odindi ìlú kan pẹ̀lú tàgbà tèwe. Mo máa ń ronú nípa àwọn ìyá wọ̀nyẹn, tí wọ́n gbé ọmọ ọdún kan sí ẹsẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ìtàn yóò já sí nígbà tí wọ́n fún ọmọ lórúkọ.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé orúkọ tí kò wọ́pọ̀ ni mo sá fún. Ní Ẹ̀pẹ́ kẹ̀? Kòsọ́kọ́ tí a ń ṣe ọdún rẹ̀ yìí, orúkọ àbíkú ni: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọ́, nítorí náà jókòó tì wá. Ẹni tí ó jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jọba ní Èkó, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ojú omi lé e kúrò níbẹ̀ ní ìparí ọdún 1851, ó sì gbé ní Ẹ̀pẹ́ títí di ọdún 1862 kí ó tó padà. Kò sí ẹni tí ó ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀.

Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, gbólóhùn tí àwọn àgbà ti fi pa ọ̀pọ̀ òbí tí kò tíì dàgbà lẹ́nu mọ́. Èmi náà wá wo ilé lóòótọ́. Ohun tí mo rí nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí bàbá mi máa ń kà fún wa bí iná bá ti lọ, ìwé tí D. O. Fágúnwà ti kọ láti ọdún 1938, tí èyí tí ó wà nílé wa kò sì ní èèpo mọ́. Kí ni mo ń wá lọ sí ọ̀dọ̀ dírágónì? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ àwọn akọni inú rẹ̀ wò. Àkàrà-ògùn kò ṣeé ṣe, nítorí àwọn ọmọ iléèwé yóò máa béèrè ẹ̀kọ tí a ó fi jẹ ẹ́. Olóhùn-iyọ̀ dùn, àmọ́ bí ohùn ọmọ náà bá wá rí bí ti ọ̀pọ̀lọ́ ńkọ́? Mo dúró lórí Ìmọ̀dòye, ọlọ́gbọ́n ààrin àwọn tí ó bá Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Lángbòdó, ẹni tí ó ti gbé ọdún méje lọ́dọ̀ àjà. Ọkùnrin ni nínú ìwé, ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá kì í sábà béèrè bóyá ọkùnrin ni ọ́ tàbí obìnrin.

Mo lọ bá Màmá lẹ́yìn ilé lẹ́ẹ̀kejì. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń fi orí tẹ̀lé e. “Ìmọ̀dòye. Ìmọ̀dòye. Mọ̀dòye, wá gbé omi wá.” Ó ní èyí ṣeé rán níṣẹ́.

Obìnrin ni mo bí. Ní ọjọ́ kẹjọ, àáfáà pe Rùkáyàt sí i létí, àwọn ẹbí ń ju owó sínú àwo omi, kálukú ń sọ tirẹ̀, èmi sọ Ìmọ̀dòye, Màmá sì fún un ní oríkì Àṣàkẹ́. Níbi tí a ti lọ gba ìwé ẹ̀rí ìbí, obìnrin tí ó kọ ọ́ kọ Imodoyin. Nígbà tí mo dá a padà, ó wò mí bí ẹni tí kò mọ oore, ó ní oyin kò kúkú burú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a lọ kí wọ́n tó tún un kọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a gba ìwé náà, ọmọ kò jẹ́ kí a sùn. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, ó pọ̀n ọ́n, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ tí ó ń rẹ̀ ẹ́ pé, “Dákẹ́, Àríyá mi. Àríyá Màmá, ó tó.” Nígbà tí mo yọjú, ó ní Àṣàkẹ́ ni òun ń pè é.