Bí mo ṣe kó ohùn ìyá àgbà kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ohùn ìyá tó bí màmá mi wà. Wọ́n jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń kì wá ní Ọlálọmí lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan sì ń gún iyán nítòsí wọn. Nígbà tí mo fẹ́ kó o sínú kọ̀ǹpútà, mo rò pé waya kan ti tó. Mo ki orí kan sí ihò waya etí lára sítẹ́ríò bàbá mi, mo ki èkejì sí ihò máìkì láptọ́ọ̀pù mi.

Ohun tí mo gbà sílẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Ohùn ìyá àgbà ń fà ya bí aṣọ gbígbó. Ohùn tín-ín-rín ni ihò máìkì ń retí, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé e sókè. Èyí tó ń ti ara sítẹ́ríò bọ̀ ti le jù fún un.

Ẹ wo ẹ̀yìn sítẹ́ríò yín. Bí ẹ bá rí ihò méjì, pupa àti funfun, tí wọ́n kọ REC OUT tàbí TAPE OUT sí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti mú ohùn. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì sábà máa ń ní ihò aláwọ̀ búlúù tó ń gbà á. Láptọ́ọ̀pù mi kò ní in, mo bá ra ẹ̀rọ kékeré tí a ń ki sí ojú USB, tí òun náà ní ihò pupa àti funfun.

Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀, ni mo fi gbà á, ọ̀fẹ́ ni. Mo ṣètò rẹ̀ sí 44,100 Hz, 16-bit, ìyẹn ìwọ̀n bí ohùn tó gbà sílẹ̀ ṣe máa péye tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò ní irú rẹ̀ mọ́ dán an wò. Orin ìsìn kan ni mo kọ́kọ́ fi ṣe é, mo ń dín bí ohùn ṣe ń wọlé kù títí ibi tó ròkè jù lọ kò fi kọjá -6 dB lójú òṣùwọ̀n Audacity, níbi tí 0 ti jẹ́ òpin. Mo rẹ òwú sínú sípíríìtì, mo fi nu irin tí téèpù ń fara nù kọjá. Ìdọ̀tí tó bá a jáde pọ́n bí ìpẹtà. Nǹkan kan ṣì ń kùn lábẹ́ ohùn. Mo yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Irú fáìlì ohùn tí wọ́n ń pè ní WAV ni kí ẹ tọ́jú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á gbà tó 300 MB, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dín nínú rẹ̀. MP3, irú fáìlì tó fúyẹ́ jù ú lọ, ni mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí lórí WhatsApp.

Mo gbìyànjú láti yọ ariwo téèpù náà kúrò. Ó lọ lóòótọ́, àmọ́ ìyá àgbà wá ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò, odó sì dákẹ́. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Nínú èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ariwo téèpù wà níbẹ̀, odó wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó kan orúkọ mi náà wà níbẹ̀.